Omi Àpáta Tí Fathiat Torí Rẹ̀ Jáde Nínú Opó

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé Fathiat kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ ẹnu ayé, mo sì mọ ẹnu ẹ̀yin òǹkàwé wa náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí àìsàn kíndìnrín fi dá Abdulfatai dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni obìnrin yìí ń sùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síta. Ó ní ó ṣeé ṣe kí opó kan wà níbì kan tó ń wo ẹnu ọ̀nà báyìí, kí ọ̀rẹ́ kan sì máa sọ fún un pé ọjọ́ kan péré kì í ṣe nǹkan kan. Orúkọ nìkan la yí padà.

Ọmọ Ìlọrin ni tọkọtaya náà. Aṣọ àtíkù ni ọkọ ń tà ní Babbar Kasuwa ní Sókótó, Gidan Igwai ni wọ́n ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Ameenat, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ, ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó ní, "Ọsibítù ni mò ń lọ, mò ń bọ̀." Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Jàmíù, ẹ̀gbọ́n olóògbé tí òun náà ń gbé ní Sókótó, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ìyàwó kéré lọ́jọ́ orí, yóò fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́la," ó ní. "Ọmọ wa kò ní dàgbà nílé ọkùnrin tí a kò mọ̀. Ìlọrin ni Ameenat ń lọ."

Ìyá ọkọ Fathiat ló dá a lóhùn. Àlàkẹ́ ni oríkì màmá yìí, ṣùgbọ́n Ìyá Ńlá ni gbogbo ilé ń pè é. Láti Ìlọrin ló ti wá sin ọmọ rẹ̀, kò sì tíì padà sílé.

"Jàmíù, jókòó," ó ní. "Obìnrin tó sùn sórí sìmẹ́ńtì nítorí ọmọ mi kò ní pàdánù ọmọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe opó rẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Bó bá ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Ameenat kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo dúró fún un."

Ìyá Súnnà, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àwọn ará Ìlọrin, jẹ́rìí sí i. Jàmíù gbà, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn: bí opó bá pé láìlábàwọ́n, ọmọ di ti ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ṣe opó rí, ẹ máa rò pé ìjókòó lásán ni. Ẹ jókòó sínú yàrá kan ní Sókótó, kí iná má sí, kí ooru máa jáde lára ògiri, kí ẹ wọ aṣọ dúdú kan náà láti oṣù karùn-ún, kí ẹ má lè dé ọjà, kí ẹ má lè dé ilé ọ̀rẹ́. Ọ̀sán nìkan lẹ lè jáde, tó bá jẹ́ pé àìsàn tàbí ohun tó le ló gbé yín jáde, ẹ kò sì gbọdọ̀ sùn síta. Ẹ óò mọ̀ pé ògiri máa ń sọ̀rọ̀.

Fathiat ṣe é. Ó ṣe é tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń yìn ín. Talatu, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Hausa, máa ń gbé fùrá wá fún un láràárọ̀, á ní, "Sannu, Fathiat, sannu da haƙuri," pé ó kú sùúrù. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló kù.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni Lísì wọlé dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Lísì, òṣìṣẹ́ báǹkì tí wọ́n gbé wá sí Sókótó, ọ̀rẹ́ Fathiat láti ìgbà tí Fathiat ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Fatí, o ti gbẹ bíi pańla! Ṣé wọ́n ní kí opó má jẹun ni?"

"Mò ń jẹun. Oúnjẹ ni kò jẹ́ kí n rí òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lísì wá fa fóònù yọ. "Wo ibi tí èmi àti Akíndúró ń lọ ní Sátidé." Akíndúró ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òun ló ni mọ́tò.

Omi ni. Omi tó ń já láti orí àpáta gíga kan ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Kẹ́bí, funfun bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń dà láti inú igbá kan sínú òmíràn. Ariwo rẹ̀ kún inú yàrá. Fathiat kò mọ ìgbà tó gba fóònù náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọdọọdún tí òjò bá ti ń rọ̀ ni Abdulfatai máa ń ṣèlérí pé òun yóò mú un lọ síbẹ̀. Ó di lẹ́yìn Iléyá, ó di lẹ́yìn àpèjẹ ẹnì kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọn kò lọ rárá.

"Bá wa lọ," ni Lísì wí.

"Orí ẹ dá? Opó ni mí."

"Mo mọ̀. Àárọ̀ kùtù la ó jáde, ìrọ̀lẹ́ la ó ti dé. Kò sí sùn-síta níbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ìyá Ńlá wà nílé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Lísì gbé èjìká. "Ṣé opó kì í ṣàìsàn ni?"

Ṣàìtánì kì í pariwo. Ohùn tí a fi ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé ló fi ń sọ̀rọ̀. Fathiat lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ fi ṣú, etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju ariwo omi lọ. Ó tẹ Lísì láago pé òun ń bọ̀.

Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó fọwọ́ di inú mú.

"Ìyá, inú ń run mí. Láti àná ni. Lísì ní òun yóò gbé mi dé ọsibítù."

Ìyá Ńlá sáré dìde, gèlè rẹ̀ já bọ́. "Inú ọmọ mi! Jẹ́ kí n wọ bàtà, kí n bá ọ lọ."

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú Ameenat, Ìyá? Ẹ má ṣe wàhálà. N kò ní pẹ́."

Màmá náà bọ́ ìborùn tirẹ̀, ó dà á bo ìyàwó rẹ̀ léjìká. Ó gbé ọwọ́ lé e nínú, ó ṣàdúrà tó gùn. Fathiat sọ fún wa pé ọwọ́ náà gbóná, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ti fọn fèrè níta.

Ameenat ló wá yọ sí ẹnu ọ̀nà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ibo lẹ ń lọ?"

Ìyá tó ń kánjú kì í ronú kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọsibítù ni mò ń lọ, mò ń bọ̀."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn dúró, ó ń wò ó. Mọ́tò ti gbéra kí Fathiat tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Kò ní kí wọ́n dá mọ́tò dúró.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wa. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi rìn, oko jéró àti oko ọkà bàbà lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Lísì fún un ní kaftáànì aláwọ̀ yẹ́lò kan, pé aṣọ opó kò ṣeé wọ inú omi. Fathiat bọ́ dúdú, ó wọ yẹ́lò.

Ó wọ inú omi náà dé orúnkún, lẹ́yìn náà dé àyà. Omi àpáta ń já lé e lórí bí ẹni tí wọ́n ń nà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣe é bí àjèjì. Nígbà tó yá, ó di ẹkún, ó ń pe orúkọ Abdulfatai nínú omi, Lísì sì dì í mú lẹ́yìn. Akíndúró ọmọlúwàbí yí ojú sí apá kejì.

Aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti kó ẹrù. Ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀ padà, ó ká kaftáànì tútù náà sínú ọ̀rá dúdú, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ ní òkè odò. Wọn kò tíì rìn dé ìdajì wákàtí tí wọ́n fi bá ọ̀pọ̀ mọ́tò tó tò lọ bẹẹrẹ. Afárá kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà ti wọ inú omi pátápátá, omi pupa ń gba orí rẹ̀ kọjá, ó ń gbé igi lọ. Àwọn sójà ti fi àgbá dí ọ̀nà.

Fathiat bọ́ sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú sójà kan nínú ẹrẹ̀.

"Oga, abeg, I wan go house. My pikin dey wait."

"Madam, you wan die? See water," sójà náà ní. "Nobody dey pass till tomorrow. Go find where you go sleep."

Till tomorrow. Ó dìde, ó ká aṣọ sókè, ó forí lé omi náà. Akíndúró ló sáré fà á padà ní apá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni à bá máa ṣọ̀fọ̀ báyìí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" ó ń ké. "N kò gbọdọ̀ sùn síta! Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi!"

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó na fóònù sókè, ó gun orí òkúta, ó bọ́ sílẹ̀, kò sí. Akíndúró ní kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn awakọ̀ ní ọ̀nà yẹn kò ṣeé gbà ní àsìkò yìí, àwọn ajínigbé wà níbẹ̀. Ilé olórí abúlé kan tó wà nítòsí ni àwọn obìnrin ti gbà wọ́n sọ́dọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni opó Abdulfatai ṣe sùn síta, bó bá ṣe pé ẹni tí kò fojú ba oorun ni a lè pè ní ẹni tó sùn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sọ́ńdè ni omi fà, tí wọ́n ṣí ọ̀nà. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, fóònù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni pé ó ń bínú. Ìpè mẹ́tàdínlógójì. Ohùn kan wà lórí wásáàpù tí Talatu bá Ìyá Ńlá gbà sílẹ̀. Fathiat gbé e sétí.

"Ìyàwó mi, èmi ni. N kò mọ ọsibítù tí ẹ wà. Mo ti dé mẹ́rin, èmi àti Ameenat, kéké ni a wọ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ kò lè sọ̀rọ̀, fi fóònù fún dókítà kó bá mi sọ̀rọ̀. Fathiat, má kú o. Mo bẹ̀ ọ́. Má kú."

Lísì bú sẹ́kún lẹ́yìn mọ́tò. "Fatí, pè wọ́n, sọ òótọ́. Èmi ni kí o di ẹ̀bi lé lórí, mo gbà. Sọ òótọ́!"

"Kí Jàmíù lè gba ọmọ mi?"

"Màmá yẹn kò ní jẹ́ kó gbà á."

"Ẹnu wọn náà ló sọ ọ́ pé bí mo bá ṣe opó dáadáa!"

Ó pe Ìyá Ńlá. Ó ní ọsibítù dá òun dúró, wọ́n fa omi sí òun lára, fóònù òun kú, wọ́n ti ní kí òun máa bọ̀ nílé báyìí. Ó gbọ́ tí màmá náà kígbe "Alhamdulillah!" tí ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Ó gbọ́ ohùn Jàmíù lẹ́yìn pé, "Ọsibítù wo? Kí n gbé mọ́tò wá." Ó yáa pa fóònù.

Ẹni tó bá ti purọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá aṣọ tí yóò fi bò ó. Bí wọ́n ti wọ Sókótó, Fathiat ní kí Akíndúró dúró níwájú kẹ́mísì kan. Ó ra òwú àti plásítà. Nínú mọ́tò, ó lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi plásítà dè é bí wọ́n ṣe ń de ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa omi síni lára. Ó ti rí i ní ọwọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mọ̀ bó ṣe ń rí.

Akíndúró rí i nínú dígí. Lísì ní, "N kò bá ọ wọlé o. N kò lè wo ojú màmá yẹn." Ìta ni wọ́n já a sí.

Bàtà ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, bàtà obìnrin tó pọ̀ lọ súà. Ó ti gbàgbé pé Sọ́ńdè ni. Láti àsálátù ni gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ti tọ Ìyá Ńlá wá sílé, wọ́n jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ń tọrọ ẹ̀mí Fathiat lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bí wọ́n ṣe rí i, ariwo sọ. Wọ́n dìde, wọ́n yí i ká, ọ̀kan ń nu ojú rẹ̀, òmíràn ń gbá a mọ́ra. Talatu gbé ọwọ́ sókè, ó ń pariwo "Alhamdulillah, ta dawo!" pé ó ti padà dé. Jàmíù jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó.

Ìyá Ńlá kò pariwo. Ó mú ọwọ́ òsì Fathiat, ó fi ìka kan kan plásítà náà jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó dùn ọ́ púpọ̀?" ó béèrè.

"Ó ti ń lọ sílẹ̀, Ìyá."

Ojú màmá náà ti wú. Láàárín ọjọ́ kan ó ti dàgbà sí i. Ó mú ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn.

Nígbà náà ni Ameenat jáde láti inú ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀bù omi, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kí omi má baà dànù. Bó ti ṣe máa ń gbé omi oògùn fún bàbá rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ibo ni oògùn yín wà?"

"Fi sílẹ̀, Ameenat."

"Ẹ gbọ́dọ̀ lo oògùn." Ó ń wo báàgì ìyá rẹ̀. "Dádì kò lo tiwọn tán."

Báàgì wà nílẹ̀. Kí ìyá tó na ọwọ́, ọmọ náà ti ṣí i. Ó fa ọ̀rá dúdú jáde, ó tú u, ó sì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ. Kaftáànì yẹ́lò náà jáde gbọọrọ, omi ń ro láti ara rẹ̀ sórí ẹní, iyanrìn àti ewé lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ náà ṣì ń wá ìsàlẹ̀ báàgì. "Mọ́mì, oògùn kò sí níbẹ̀."

Àwọn tó ń fa tẹ̀sùbáà dá ọwọ́ dúró.

Jàmíù dìde lórí àga. "Ọsibítù tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, ibo ló wà ní Sókótó? Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ gbàtọ́jú níbẹ̀."

"Bàbá Abdulmuiz, ẹ jọ̀ọ́," Fathiat bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Jàmíù.

"N kò tíì bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Ìyá Ńlá tún mú ọwọ́ òsì náà. Ó fi èékánná gbé etí plásítà, ó ṣí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dun ọmọ. Ó gbé òwú kúrò. Ara tó wà níbẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí ojú abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn obìnrin kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọkùnrin ni, ọkùnrin ló lọ bá." Fathiat wólẹ̀ gbalaja, ó di ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí fóònù Lísì títí dé kẹ́mísì.

"Omi ni mo lọ wò, Ìyá! Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, omi lásán ni!"

"Irọ́!" ni Jàmíù wí.

"Kì í ṣe irọ́," Ìyá Ńlá dáhùn. "Mo gbà á gbọ́. Kò lọ bá ọkùnrin."

Fathiat gbójú sókè, ìrètí yọ díẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ fún un.

"Ǹjẹ́ o mọ ibi tí mo dé lánàá?" màmá náà bi í. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọsibítù kẹrin, wọ́n ní àwọn gbé obìnrin kan wọlé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mọ́tò ló gbá a. Wọ́n ní ó ti kú, kí n wá wò ó. Mo gbé Ameenat kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé òkú tí mo ti gbé ọmọ mi jáde ní oṣù karùn-ún, inú rẹ̀ náà ni mo tún wọ̀. Mo ṣí aṣọ lójú obìnrin yẹn. Nígbà tí mo rí i pé kì í ṣe ìwọ, Fathiat, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló kú."

Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Ìyá Súnnà ń fi etí gèlè nu ojú.

"Bó bá jẹ́ pé o wí fún mi pé ẹ̀mí rẹ fẹ́ bọ́ nínú yàrá yìí, pé o fẹ́ rí omi, ǹ bá bá ọ jókòó, kí á jọ sunkún. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ dé. Èmi fúnra mi ni ǹ bá mú ọ lọ lógúnjọ́."

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Ẹ̀yin lẹ dúró fún mi."

"Mo dúró fún ọ," Ìyá Ńlá ní. "Ìwọ lo fi mí sílẹ̀ níbẹ̀."

Jàmíù yí sí Ìyá Súnnà. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí nígbà náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Ìyá Súnnà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Ti ẹ̀ṣẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, kó túúbá, kó sì parí opó rẹ̀. Ti ọmọ, ẹ ti ṣe àdéhùn lójú mi. N kò lè sọ pé àdéhùn kò yẹ̀."

Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n mú Ameenat lọ sí Ìlọrin, Ìyá Ńlá ló mú un. Fathiat yí mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè tẹ̀lé wọn dé gáréèjì, nítorí opó kò gbọdọ̀ dé gáréèjì. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ mọ́, kò sí ohun tó ń fi opó náà rà mọ́, síbẹ̀ ó jókòó sínú yàrá náà fún ọjọ́ tó kù láìyẹ ẹsẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń gbọ́n nígbà tí ọgbọ́n kò ní ohun tí yóò rà.

Ọjọ́ tó jáde opó, ó wẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìlọrin. Ó bá Ìyá Ńlá nílé. Màmá náà kò ta á nù. Ó bu omi fún un, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bi í bí ọ̀nà ti rí. Nígbà tí Fathiat tún fẹ́ wólẹ̀, ó gbé e dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ó ní. "Mo ti bá Jàmíù sọ̀rọ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá fẹ́ tẹ̀lé ọ, òun kò ní dènà. Lọ bi í fúnra rẹ."

Ẹsẹ̀ Fathiat kò kan ilẹ̀ mọ́. Ó bá Ameenat ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń fọ aṣọ iléèwé rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n sunkún. Ìyá bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn jọ padà sí Sókótó. Ó ní òun kò ní lọ sí ibì kankan mọ́ láìmú un dání. Ó ní òun ṣèlérí.

Ọmọ náà ronú sí i bí àgbàlagbà. Ó fọwọ́ nu ojú ìyá rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì," ó ní. "Tí ẹ bá dé Sókótó, ẹ jẹ́ kí Ìyá Talatu pe Ìyá Ńlá, kí wọ́n sọ fún wa pé ẹ wà nílé lóòótọ́."